Ẹ yí páálí mílíìkì yẹn padà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni òótọ́ wà

Ẹni tó bá ti há sínú họ́ldọ́ọ̀pù ní Òṣòdì tàbí Berger lọ́sàn-án gangan mọ bó ṣe máa ń rí. Oòrùn ń mú, ọkọ̀ ò sún, ẹni tó ń ta yógọ́ọ̀tì tútù sì ti dé ẹ̀gbẹ́ wíńdò. Èèyàn á na owó síta, á gba ike náà, á ṣí i, á gbé e kanu. Kí ọkọ̀ tó sún síwájú, ó ti tán. Ó mọ iye tó san. Ó mọ̀ pé ó tutù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu yẹn, á ní, "Yógọ́ọ̀tì ni jàre."

Iwájú ike ló rí. Níwájú, àwòrán èso pupa wà níbẹ̀, màlúù dúró sórí koríko tútù, ọmọdé ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ń mú eegun le. Ẹ̀yìn ike ni wọ́n ti wá kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ọmọ èèrà. Iwájú ń polówó, ẹ̀yìn ló ń jẹ́rìí. Èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ òfin, ẹlẹ́rìí ni mo máa ń fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá lónìí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń jìyà ohun tó wà lẹ́yìn páálí láìmọ̀. Ẹlòmíràn ti gbà pé inú òun kì í ṣe dáadáa láàárọ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá òun nìyẹn. Ẹlòmíràn ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí láti oṣù dé oṣù. Àwọn díẹ̀ sì wà tó jẹ́ pé ṣíbí kan péré lè gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run.

Ìwádìí tí Ransome-Kuti ṣe fún wa

Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n Fẹlá, tó ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992. Ṣùgbọ́n kó tó di mínísítà, dókítà àwọn ọmọdé ni l'Ékòó. Ní 1971, òun, Norman Kretchmer ti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Ohun tí wọ́n ń wò ni lactose, ìyẹn ṣúgà tó wà nínú mílíìkì: ẹ̀yà wo ní Nàìjíríà ni ó ń dà nínú wọn, ẹ̀yà wo ni kì í dà nínú wọn?

Láàárín àwọn àgbà Yorùbá àti Ìgbò tí wọ́n yẹ̀ wò, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó rí ẹni tó ń dà nínú rẹ̀. Láàárín àwọn Fúlàní darandaran, ọ̀pọ̀ ló ń dà nínú wọn. Ní 1975, wọ́n tún gbé òmíràn jáde lórí àwọn ìdílé, ó sì fi hàn pé àjogúnbá ni ọ̀rọ̀ náà.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò le láti yé ènìyàn. Ọmọ tuntun máa ń ní nǹkan kan nínú ìfun rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lactase. Òun ló ń gé lactose sí wẹ́wẹ́ kí ara tó lè lò ó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, nǹkan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ayé. Àwọn tí baba ńlá wọn ti ń da màlúù, tí wọ́n ti ń mu wàrà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ló sábà máa ń ní in dàgbà. Iṣu ni baba ńlá tiwa ń gbìn. Lactose tí kò bá dà á wá ṣàn lọ sínú ìfun ńlá, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ibẹ̀ á sì fi ṣe àsè. Ìgbà náà ni inú á máa kùn bíi jẹnẹrétọ̀, tí á wú, tí èèyàn á máa wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní àárín mítíìnì. Àwa á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ṣúgà ló fà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣúgà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ẹ fi ṣíbí bù.

Ẹ má wá torí èyí da gbogbo mílíìkì inú ilé nù o. Ìwọ̀n lọ̀rọ̀ wà. Kọ́ọ̀bù mílíìkì kan tó kún ní bíi gíráàmù 12 lactose, ọ̀pọ̀ irú wa ló sì lè mu ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, pàápàá pẹ̀lú oúnjẹ, kí wàhálà rẹ̀ má pọ̀. Nínú mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tí wọn ò yọ ọ̀rá rẹ̀, lactose lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Sáṣẹ́ẹ̀tì oní-gíráàmù 14 á ní bíi gíráàmù 5. Ẹni tó da ẹyọ kan sí ògì lè má mọ nǹkan kan lára. Ẹni tó da mẹ́rin sí kọ́ńfíléèkì ti mu gíráàmù 20. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀.

Inú tó ń kùn yàtọ̀ sí ara tó ń jà

Ibí yìí ni kí ẹ ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ gbọ́ mi, torí ibẹ̀ la ti máa ń da ọ̀rọ̀ pọ̀. Èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, inú ni. Kò dáa, ó ń tini lójú, àmọ́ kì í pani. Èkejì ni alẹ́jì. Ìyẹn kì í ṣe ti ṣúgà inú mílíìkì, purotéènì inú rẹ̀ ni. Ara ẹni náà á rí purotéènì yẹn bí ọ̀tá, á sì gbógun tì í. Ara lè máa yún, kó máa lé wú. Ètè àti ojú lè wú. Ó lè máa bì. Èyí tó burú jù ni kí ọ̀nà ọ̀fun dí, kí mímí di wàhálà, kí ẹni náà ṣubú lulẹ̀. Kò nílò kọ́ọ̀bù kan. Ẹ̀kán díẹ̀ tó.

Àwọn ọmọ kéékèèké ni alẹ́jì mílíìkì màlúù wọ́pọ̀ jù lára wọn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Tí ọmọ bá jẹ nǹkan ní pátì tí ojú rẹ̀ wú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Wọ́n ti fi nǹkan sí i fún un." Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ìyàwó àbúrò bàbá. Wọ́n á máa wá epo pupa tí wọ́n máa fún ọmọ mu. Àkókò tó yẹ kí wọ́n fi gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù ni wọ́n fi ń wá ẹni tó ṣe é. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní adrenaline ni irú rẹ̀ nílò, kíákíá. Ẹ̀bi náà sì lè wà lẹ́yìn páálí áísìkirimù, kó jẹ́ pé ìyàwó ilé ni wọ́n ń wò.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ "lactose free" fi lè pa ènìyàn. Ẹni tí inú rẹ̀ ń kùn lè mu mílíìkì tí wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n ti fi lactase gé ṣúgà rẹ̀ sílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n purotéènì ò kúrò níbẹ̀, digbí ló wà. Ẹni tó ní alẹ́jì ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé mílíìkì ewúrẹ́ ni kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún ọmọ. Purotéènì rẹ̀ jọ ti màlúù débi pé ara tó ń bá ọ̀kan jà sábà máa ń bá èkejì jà.

Orúkọ tí mílíìkì ń jẹ́ lẹ́yìn páálí

Wọ́n kì í sábà kọ "milk" lásán kí wọ́n sì dákẹ́. Ó ní orúkọ púpọ̀ bí ọmọ Ifẹ̀. Tí ẹ bá rí "whey", mílíìkì ni. "Casein", "caseinate", "milk solids", "buttermilk", "ghee", "curd", "lactalbumin", mílíìkì ni gbogbo wọn. Àwọn kan sì wà tí orúkọ wọn jọ ọ́ tí wọn kì í ṣe mílíìkì: "cocoa butter" jẹ́ ọ̀rá kòkó, "shea butter" jẹ́ òrí, "lactic acid" sì jẹ́ èròjà kíkan tí wọn kì í sábà fi mílíìkì ṣe.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ ọjà náà gan-an. "Filled milk" túmọ̀ sí pé wọ́n ti yọ ọ̀rá mílíìkì, wọ́n fi òróró ewéko rọ́pò rẹ̀. Lactose àti purotéènì ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó máa ń dà mí lójú rú jù ni "non-dairy creamer", tí àwọn ará ọ́fíìsì ń dà sí kọfí. Orúkọ rẹ̀ ní kò sí mílíìkì nínú rẹ̀, àmọ́ ẹ yí i padà, ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ máa bá "sodium caseinate" níbẹ̀, láti inú mílíìkì ló sì ti wá. L'Amẹ́ríkà, òfin ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ara mílíìkì ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe to èròjà. Èyí tó pọ̀ jù ló ń ṣáájú, èyí tó kéré jù ló ń kẹ́yìn. Tí omi àti ṣúgà bá ṣáájú nínú ohun tí wọ́n ń pè ní "yoghurt drink", ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà.

Yógọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ní àṣírí kan. Àwọn bakitéríà tó sọ mílíìkì di yógọ́ọ̀tì máa ń bá wa da lactose, tí wọ́n bá ṣì wà láàyè. Ẹ wá "live cultures" lára rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ "heat treated" tàbí "pasteurised after fermentation", iná ti pa wọ́n, ìrànlọ́wọ́ yẹn ti lọ. Páálí yógọ́ọ̀tì tó lè wà lórí káńtà fún oṣù mélòó kan láìsí fíríìjì, irú rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ní "yógọ́ọ̀tì yìí ń bá mi lára mu, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò bá mi mu" lè má parọ́ rárá.

Mílíìkì nìkan kọ́ ló wà nínú ọjà mílíìkì o. Áísìkirimù lè ní ẹyin, ẹ̀pà, kaṣú, àlìkámà láti ara bísíkíìtì, àti sóyà tí wọ́n ń kọ ní "soya lecithin" tàbí E322. Àwọ̀ pupa inú yógọ́ọ̀tì lè jẹ́ E120, ara kòkòrò ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ó sì ń bá àwọn díẹ̀ jà. Àwọ̀ ìyeyè lè jẹ́ E102, tí wọ́n ń pè ní tartrazine. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti 2010 ni ọjà tó bá ní in ti gbọ́dọ̀ kọ ìkìlọ̀ pé ó lè ṣàkóbá fún ìwà àti ìfọkànsí ọmọdé. Ẹ wo ẹ̀yìn tiwa, bóyá ẹ máa rí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí lẹ́tà náà bá kéré jù, fóònù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí, kí ẹ fẹ̀ ẹ́. Ẹ sì máa kà á ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rà á, torí ilé iṣẹ́ lè yí èròjà padà láì yí àwòrán iwájú padà.

Kí ni òfin sọ?

Gbogbo ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ òfin ní Nàìjíríà ló mọ ẹjọ́ ìgbín. Ní 1928, ní ìlú Paisley ní Scotland, wọ́n ra ohun mímu kan fún obìnrin kan tó ń jẹ́ May Donoghue. Ó ti mu nínú rẹ̀ kí wọ́n tó da ìyókù jáde, ó ní òkú ìgbín bá a jáde. Ní 1932, ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tó ń ṣe ohun jíjẹ tàbí mímu jẹ oníbàárà ní ojúṣe, bí wọn ò tiẹ̀ ríra wọn rí. Ìgò náà dúdú, kò sí bí obìnrin yẹn ṣe lè rí inú rẹ̀. Ike yógọ́ọ̀tì náà ò ṣeé rí inú rẹ̀. Lébẹ́ẹ̀lì ni fèrèsé kan ṣoṣo tí a ní.

Nílé níbí, òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, tí àjọ FCCPC ń mójú tó, sọ ọ́ ní abala 114 pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí àlàyé ní èdè tó máa yé e. Òdiwọ̀n rẹ̀ ni ẹni lásán tó mọ̀wé níwọ̀nba, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́místrì. Abala 116 sọ̀rọ̀ lórí lébẹ́ẹ̀lì, abala 125 sì lòdì sí ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn nípa ọjà. NAFDAC náà ní òfin tirẹ̀ lórí lébẹ́ẹ̀lì oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó yé wa: nọ́ńbà NAFDAC túmọ̀ sí pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé ó bá ara yín mu.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ á ṣe rí tí ẹ bá dé kóòtù. Tí wọn ò bá kọ èròjà náà sẹ́yìn páálí, tó sì ṣe yín ní jàǹbá, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu yín. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kọ ọ́, ohun tí lọ́yà ilé iṣẹ́ máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ṣé ẹ ò rí i níbẹ̀ ni?" Ìkìlọ̀ tí wọ́n ti ṣe fún ẹni, tí ẹni ò kà, ó máa ń dín ẹjọ́ kù. Nítorí náà, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ju ike náà nù. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, kí ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà "batch" rẹ̀ kí ẹ tó gba ọ́fíìsì FCCPC tàbí NAFDAC lọ.

Àmọ́ o, mi ò ní gbé gbogbo ẹrù náà lé oníbàárà lórí. Ta ni "sodium caseinate" máa yé? Àwa tí a lọ yunifásítì gan-an, mélòó nínú wa ló yé? Tí òdiwọ̀n òfin bá jẹ́ ẹni tó mọ̀wé níwọ̀nba, èrò tèmi ni pé orúkọ kẹ́míkà nìkan ò tó. Ọ̀rọ̀ méjì péré, "Contains milk", ní lẹ́tà dúdú kirikiri, á yanjú rẹ̀. Wọ́n lè fi "ó ní mílíìkì" sí i lédè Yorùbá, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Ní Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kejìlá 2014, àwọn ohun 14 ló wà tó jẹ́ pé ó pọn dandan kí wọ́n kọ wọ́n yàtọ̀ láàárín èròjà: mílíìkì, ẹyin, ẹ̀pà, sóyà, yànmọtí àti àwọn yòókù. Ẹ̀yin tí ẹ ti jápa ń rí i lójoojúmọ́ ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, ní 2017, obìnrin kan tó ní alẹ́jì mílíìkì kú ní ìlú Bath lẹ́yìn tó jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi yógọ́ọ̀tì àgbọn sí, èyí tí wọ́n rò pé kò ní mílíìkì. Nígbà tí wọ́n wádìí ikú rẹ̀ ní 2022, ó hàn pé purotéènì mílíìkì ti kó sínú sitáàṣì kan tí wọ́n fi ṣe yógọ́ọ̀tì náà. Ibi tí òfin ti le nìyẹn o. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti ń ta yógọ́ọ̀tì nínú ike tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì kankan.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Lọ́yà, ebi ń pa wá, ẹ ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn páálí." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọjà tó rọrùn jù lówó ni wọ́n sábà máa ń fi nǹkan mìíràn bù lé, sáṣẹ́ẹ̀tì tó kéré jù ni lẹ́tà rẹ̀ ń kéré jù. Olówó ni ó ní dókítà tó máa sọ fún un pé mílíìkì ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tí kò lówó, lébẹ́ẹ̀lì yẹn ni dókítà tó sún mọ́ ọn jù.

Kí ilé iṣẹ́ ṣe tiwọn, kí NAFDAC àti FCCPC ṣe tiwọn. Tiwa rọrùn. Tí mílíìkì bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wo bí inú á ṣe rí, kí ẹ sì bá dókítà sọ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ètè ló ń wú tàbí mímí ló ń le, ẹ má dán an wò nílé rárá, ọsibítù tààrà. Tí ẹ bá sì ń pín áísìkirimù níbi ọjọ́ ìbí, ẹ ti gbọ́ ohun tí àwọn àgbà sọ: òkò tí ẹni bá sọ sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Kí ẹ tó gbé ṣíbí sẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ, ẹ kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kì í jẹ?"